Ọjọ́ Méje Ìwé Kóòtù

Ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá ń sáré lọ́wọ́ nígbà tí ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn wa. Ariwo ẹ̀rọ náà dákẹ́ wẹ́lo, ó wá ku òórùn òróró àti ti aṣọ tuntun nínú yàrá. Màmá, ìyá tó bí ìyá mi, fi ìka sí ètè kí n má sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí aṣojú àwọn ayánilówó ti dúró lójú títì wa ní Agége, tó ń pariwo pé òun á kó ọlọ́pàá wá, ni ìró ìkànkùn ti ń já Màmá láyà.

Màmá yá owó náà lọ́wọ́ wọn nígbà tí bàbá àgbà wà ní ọsibítù. Bàbá kú, gbèsè ò kú. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ni Màmá ń rán, ẹ̀rọ ńlá oníná yẹn ló sì ń bọ́ wa.

“Màmá, kì í ṣe ọlọ́pàá o,” ọkùnrin náà sọ látìta. “Kóòtù ló rán mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gba ìwé yín.”

Bí Màmá ṣe gbọ́ pé kì í ṣe ọlọ́pàá, ṣe ni wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tiẹ̀ tún fún un lómi tútù! Nígbà tó lọ tán, wọ́n ní kí n ka ìwé náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, mo sì mọ̀wé kà.

“Àwọn ayánilówó ti pè yín lẹ́jọ́. Kóòtù ní kí ẹ kọ èsì yín, kí ẹ mú un wá sí kóòtù láàárín ọjọ́ méje, Màmá.”

“Ọjọ́ méje? Ọlọ́run á ti jà fún mi kó tó pé.”

Ìjọ Aládùúrà là ń lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, Màmá ti wọ sùtánà, wọ́n ti gbé ìwé náà lọ sórí pẹpẹ. Wòlíì ní kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méje, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Wọ́n gbé ìgò omi lé e. Àràárọ̀ là ń lọ kúnlẹ̀ níbẹ̀ láìwọ bàtà, mo sì ń ka ọjọ́ lórí ìka mi. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo ní, “Màmá, ìwé yẹn ń dúró de èsì o.”

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ ba àdúrà mi jẹ́ ni?”

Mo panu mọ́. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ìgbà tí a fi gbé ìwé náà kúrò, omi ti rin etí rẹ̀ kan, ọjọ́ sì ti kọjá. Wọ́n dá ẹjọ́ náà láìgbọ́ tẹnu wa. Ọmọ ìjọ wa kan tó jẹ́ akọ̀wé kóòtù ló wá là wá lọ́yẹ̀ pé ká ní Màmá fèsì ni, ó ṣeé ṣe kí adájọ́ gbà kí wọ́n máa san owó náà díẹ̀díẹ̀.

“Ọlọ́pàá ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mú yín torí gbèsè, Màmá.”

Ibi tí Màmá fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀.

Ọkùnrin tó mu omi wa lọ́jọ́sí ló padà wá, òun àti àwọn méjì pẹ̀lú ọkọ̀ ìkẹ́rù; kóòtù ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dípò owó. Màmá ń rán ṣòkòtò lọ́wọ́.

“Ẹ jẹ́ n parí ẹsẹ̀ kan tó kù.”

Wọ́n dúró. Ẹ̀rọ náà sáré, ó dúró, Màmá já òwú. Wọ́n fi àkísà nù ún, wọ́n yọ abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀ kó má baà gún ẹni tó máa gbé e. “Ẹ rọra o. Ẹ má jẹ́ kí òjò pa á.” Àwọn ọkùnrin náà gbé e lọ, wọ́n fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀, wọ́n ní òfin ò ní kí àwọn kó irinṣẹ́ ọwọ́.

Màmá ò sí mọ́. Àlùmọ́gàjí wọn ni mo fi ń ṣí lẹ́tà. Mo ṣì ń lọ síwájú pẹpẹ yẹn, torí ọmọ Màmá ni mí. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá dé, ìdúró ni mo máa ń kà á tán, màá sì fèsì rẹ̀ kí n tó kúnlẹ̀.