Ọjọ́ Tí Èmi Náà Bọ́ Síwájú Kámẹ́rà

Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ẹ̀ṣẹ́ láti kékeré, nínú ilé ìlagi àtijọ́ kan ní Atíkòrí, níbi tí mo so àpò iyanrìn kọ́ sí. Ọwọ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé, mi ò ní purọ́. Àfi bó ṣe kó lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, tó gba yàrá láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, tó ní ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa. Kí ni abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò fẹ́ fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe? Ó fẹ́ máa gbá géèmù.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n o. Á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, á gbé fóònù kọjú sí ara rẹ̀, á máa fi àtàǹpàkò méjèèjì gbá bọ́ọ̀lù tí kò sí níbì kankan, àwọn tí iṣẹ́ ò ká lára á sì máa wò ó láìfù lórí fóònù tiwọn, bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù ni kí wọ́n gbá gọ́ọ̀lù wọlé sí i, torí ìgbà yẹn ni òyìnbó ẹnu rẹ̀ máa ń tán, tí á bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ìjẹ̀bú ṣépè. Ìyàwó mi pàápàá ń wò ó, á máa rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ á fi jóná.

"Bàbá, àwọn agbátẹrù ìjà kì í pe ẹni tí èèyàn ò mọ̀ mọ́," ló máa ń sọ fún mi. "Àwọn tó ń wò mí yìí ló máa wá wo ìjà mi."

Mo ní, "Ẹ̀ṣẹ́ là ń fi jà, a kì í fẹnu jà. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó."

Wọ́n sì pè é lóòótọ́. Ìjà bẹ́líìtì Nàìjíríà ni, èyí tí mo fi gbogbo ìgbà èwe mi wá tí mi ò fojú kàn. Lọ́jọ́ orí tirẹ̀, bó bá fìdí rẹmi, kò sẹ́ni tó máa tún pè é, àwa méjèèjì sì mọ̀. Àmọ́ agbátẹrù náà sọ ọ́ lójú mi pé nítorí àwọn tó ń wo géèmù rẹ̀ ni wọ́n ṣe pè é. Kò tilẹ̀ béèrè ẹni tó kọ́ ọ níjà. Ó dùn mí dọ́kàn.

Nígbà tí ìjà ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó pa ìdánrawò jẹ lọ́jọ́ kan. Mo kírun Àsárì tán, mo gun ọ̀kadà, ó di Àgọ́-Ìwòyè. Mo bá a níwájú kámẹ́rà. Géèmù ẹ̀ṣẹ́ ló ń ṣe lọ́jọ́ yẹn: abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò gidi jókòó, ti inú tẹlifíṣọ̀n ló ń jà. Kò dọ̀bálẹ̀. Orí ìjókòó ló ti ní, "Ẹ kú ìrìn, Bàbá," ló bá yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀: "Kóòṣì mi rè é o. Bàbá, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀."

Èmi tí mo kórìíra géèmù yìí, mo bọ́ síwájú kámẹ́rà.

"Ẹni tí ẹ ń yìn yìí," mo wí, "ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń bá a wí lórí nǹkan kan ṣoṣo. Bó bá fẹ́ ju ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún, ó máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́ ojú òsì ná. Ẹ wò ó. Kódà lórí géèmù, ó ń ṣẹ́ ẹ."

Wọ́n ń kọ ẹ̀rín ránṣẹ́ sórí fóònù, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn dùn mọ́ mi, mo bá tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ráúndì méjì àkọ́kọ́ nínú ìjà náà, tiwa ni. Láti ìkẹta lọ, ọ̀tún ọmọ mi ò bá nǹkan kan mọ́. Kó tó jù ú ni ẹnìkejì rẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́, tí á sì fi òsì dá a lóhùn. Ní ìkeje ó ṣubú, rẹfirí sì kà á tán.

Ibi tí mo ti ń tú okùn ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ni ọmọkùnrin tó nà án ti wá bá mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ó rọra wí sí mi létí. "Mo wo fídíò yẹn títí. Ojú òsì tí ẹ sọ yẹn nìkan ni mo ń ṣọ́."

Nínú mọ́tò, ọmọ mi bi mí pé kí ni ọmọkùnrin yẹn sọ. Ojú òsì rẹ̀ ti wú, kò lè ṣẹ́ ẹ mọ́.

"Ó kí mi ni," mo wí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá sí Atíkòrí, ó sì dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi. Ó ní òótọ́ ni mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí, géèmù ló ba òun jẹ́. Ó ní òun ti ta gbogbo ohun tí òun fi ń ṣe é, òun sì ti dágbére fún àwọn tó ń wo òun. Ó ní kí n foríji òun. Ìyàwó mi, tó wo láìfù ọjọ́ tí mo sọ̀rọ̀ ojú òsì láti ilé, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹjú mọ́ mi, ó ń retí kí n sọ̀rọ̀.

Mo ní kó dìde. Mo ní mo ti foríjì í.