Ọkọ̀ Tí Timothy Fi Gàrí Wò

Bí ọ̀rọ̀ olóògbé Timothy Fáṣadé bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn awakọ̀ tírélà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ibi abọ́ gàrí ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló sì máa ń sọ ọ́ jù. Yẹ̀kínì mẹkáníìkì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, wà níbẹ̀ ní tirẹ̀. Òun ló gbé omi dání.

Ọdún méje sẹ́yìn ni. Timothy ti wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún. Ó ti gbé òkúta, ó ti gbé símẹ́ńtì, ó ti gbé pákó láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ dé àwọn ìlú tí kò lè pe orúkọ wọn. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún Mọ́ṣádé ìyàwó rẹ̀ pé òun kò ní kúrò láyé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń bá ènìyàn wakọ̀, òun fẹ́ ra tòun. Mọ́ṣádé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wọ yàrá, ó gbé owó tó fẹ́ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù jáde, ó kó o lé ti ọkọ rẹ̀ lórí. Bí wọ́n bá lọ ra ọkọ̀ tí kò dára, owó àwọn méjèèjì ló gbé.

Bẹ́ẹ̀ ni Timothy àti Yẹ̀kínì ṣe dé ọgbà Joel, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta tírélà tòkunbọ̀ lójú ọ̀nà Odogbolu. Joel ṣáná sí ọkọ̀ àkọ́kọ́. Timothy kò wo abẹ́ ọkọ̀, kò wo táyà. Ó gun orí ìjókòó awakọ̀, ó da gàrí Ìjẹ̀bú sínú abọ́, ó bu omi tútù sí i, ó gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó wá tẹjú mọ́ ọn.

"Bàbá," Joel ní, "ṣé ọkọ̀ lẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹ wá jẹun?"

"Nínú gbogbo ọkọ̀ tí mo bá ènìyàn wà," Timothy dá a lóhùn, "kò sí èyí tí mo mu gàrí nínú rẹ̀ tí kò dà sí mi láyà. Tèmi kò gbọdọ̀ dà."

Gàrí ọkọ̀ àkọ́kọ́ dà kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ti ìkejì kò dà, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ń mì. Yẹ̀kínì ní kó jẹ́ kí òun yẹ abẹ́ ẹ́ńjìnnì wò, Timothy ní kò sí ohun tó wà lábẹ́ ibẹ̀ tí abọ́ kò ní sọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi lọ tí wọ́n fi bọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Joel ṣáná sí ọkọ̀ búlúù kan ní ìkángun ọgbà, omi gàrí sì dúró jẹ́ẹ́. Timothy wò ó títí. Ó mú ṣíbí, ó mu gàrí náà délẹ̀, ó lá ṣíbí, ó sì di ojú.

Yẹ̀kínì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti dáràn, nítorí Joel náà ń wò ó. Ta ni yóò dín owó ọjà fún oníbàárà tó ń lá ṣíbí?

"Mílíọ̀nù mọ́kànlá," Joel wí. "Kò dín kọ́bọ̀."

Timothy tún ojú ṣe kíá. "Gàrí náà ò tiẹ̀ dùn," ló wí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, nínú ọgbà tó kún fún ọmọ Ìjẹ̀bú, ní gàrí Ìjẹ̀bú ò dùn. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́.

Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án péré ni wọ́n ní. Timothy bá kọ̀, kò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ mọ́. Bí oníbàárà mìíràn bá dé tó béèrè iye tí wọ́n ń ta búlúù, Timothy ló ń yọjú lójú fèrèsé dá a lóhùn. "Mọ́kànlá ni. Ọkọ̀ dáadáa ni. Táyà ẹ̀yìn mẹ́rin ti jẹ tán, dígí ọ̀tún ti sán, jíà kẹta rẹ̀ sì máa ń ṣagídí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ dáadáa ni." Kò purọ́ o. Yẹ̀kínì ti yọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí Timothy ń mu gàrí.

Oníbàárà mẹ́ta ló ti yí padà nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́. Joel wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ọ́lẹ̀."

"Lọ síbo? Mo ti délé."

Joel mí kanlẹ̀. "Ẹ mú mẹ́sàn-án wá."

"Pẹ̀lú jáàkì."

"Pẹ̀lú jáàkì."

"Àti táyà kan."

"Bàbá."

Timothy wo ojú rẹ̀. "Jáàkì náà tó," ló wí.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó fẹ́ràn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà tó Timothy. Àwọn awakọ̀ yòókù ń gbàdúrà kí wọ́n má dá wọn dúró, Timothy ní tirẹ̀ ń dá ara rẹ̀ dúró. Lọ́jọ́ kan tí Yẹ̀kínì tẹ̀lé e, àwọn ọlọ́pàá jókòó sábẹ́ igi, wọ́n juwọ́ sí i pé kó máa lọ. Ó páàkì.

"Ẹ ò ní béèrè ẹni tó ni ọkọ̀?"

"Bàbá, ẹ máa lọ."

"Ẹ ṣáà béèrè."

Ọ̀gá wọn béèrè kí ó lè sinmi. Timothy na ìwé ọkọ̀ sí i, ó sì dúró títí ọkùnrin náà fi ka orúkọ inú rẹ̀ sókè. Ìgbà náà ló tó gbéra.

Kò sí ẹni tó ń fi bàtà wọ inú ọkọ̀ náà. Hanifah tó ń ta pákó bá a lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kan. Nígbà tí wọ́n ní kó bọ́ bàtà, ó bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ wọ pálọ̀, ó sì gòkè. Wọ́n dé Ìbàdàn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí wá a. Timothy ní kó fọkàn balẹ̀, ibi tó bọ́ ọ sí ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ló ṣì máa wà. Ó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn ni Hanifah kò ṣe lè bínú mọ́.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, àìsàn ọjọ́ mẹ́rin péré mú Timothy lọ. Ó dun Yẹ̀kínì dọ́kàn. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú, ó jókòó sẹ́yìn Mọ́ṣádé àti Jọmílójú ọmọ rẹ̀. Àlùfáà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, tí kò mọ Timothy rárá, dìde láti ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.

"Olóògbé," ó kà, "bá àwọn ènìyàn wa tírélà fún ọgbọ̀n ọdún."

Mọ́ṣádé dìde. Kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn obìnrin náà rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, àfi nínú orin.

"Ẹ dákun, sà," ó ní. "Mẹ́tàlélógún ni. Méje tó kù, tirẹ̀ ló wà."

Ó jókòó. Àwọn awakọ̀ tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà mú bírò, ó tún ìwé náà kọ níbi tó dúró sí, ó sì tún un kà látìbẹ̀rẹ̀, ó kà á bó ṣe yẹ. Yẹ̀kínì bá wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi rí i pé omijé ti ń bọ́ lójú òun. Kò nù ún. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, kò sì mọ ẹni tí òun yóò tún máa bá jiyàn.