Igbà Tí A Ń Tú Lójoojúmọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mi ò tíì lè gbé odindi ìdì ẹyìn kan, bàbá mi já bọ́ láti orí ọ̀pẹ. Akọ̀pẹ ni, oko wa wà lọ́nà Oko-Akarè. Igbà rẹ̀ ló já, okùn líle tí akọ̀pẹ fi ń so ara rẹ̀ mọ́ igi. Orí ló fi gúnlẹ̀.

Kò kú. Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ilé ló yọ̀ nígbà tó lajú. Ṣùgbọ́n ó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ti kú pè mí. Bí iyọ̀ bá dín nínú ọbẹ̀, á da àwo nù, lẹ́yìn náà á bi wá pé ta ló da oúnjẹ sílẹ̀. Aládùúgbò kan ní, "Ẹ dúpẹ́, ó ṣáà ń mí." Ìyá mi ní, "Ẹ wá bá a gbé fọ́jọ́ kan, ká jọ dúpẹ́."

Ọ̀pẹ ló ń bà wá lẹ́rù jù. Bàbá ń hun igbà tuntun lábẹ́ igi máńgòrò. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé èyí. Àwọn àgbà ní ká gé igbà náà. Ìyá mi kọ̀, nítorí ní ilé wa, akọ̀pẹ tó bá kú ni wọ́n ń gé igbà rẹ̀. "Ṣé kí n ṣe opó ọkọ tó ń jẹun ni?"

Nítorí náà, bí bàbá bá ti ń jẹun ọ̀sán, èmi á yọ́ lọ tú ohun tó hun. Á padà dé, á tún bẹ̀rẹ̀, kò ní rántí.

Lọ́jọ́ kan wọ́n rán mi lọ sódò, mo pẹ́. Nígbà tí mo dé, kò sí igbà, kò sí bàbá. Ìyá mi ń sáré kiri oko: "Bàbá wọn o! Bàbá wọn!" Èmi ni mo rí i. Ó ti fi igbà so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ, kókó rẹ̀ le dáadáa. Ó ń làágùn. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò mí.

"Àbúrò, ẹsẹ̀ wo là ń kọ́kọ́ gbé?"

Mo mọ̀ ọ́n. Àìmọye ìgbà ni mo ti wò ó. Mo ní, "Èmi náà ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká lọ bi wọ́n nílé."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí ẹnu ẹ mọ gbogbo nǹkan!" Ó tú igbà, ó tẹ̀lé mi. Títí tó fi kú, orúkọ àbúrò yẹn ni mò ń jẹ́ fún un.

Ayé ti yí padà. Lónìí, alùpùpù á gbé aláìsàn dé ọsibítù, dókítà á sì fi ibi tí ọpọlọ ti fara pa hàn yín nínú fọ́tò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan ládùúgbò wa, tí ọmọ rẹ̀ ṣubú lórí alùpùpù lọ́nà Ikpinlè, tó sì forí gbálẹ̀, fi kọ́kọ́rọ́ alùpùpù náà tó so mọ́ etí ìró rẹ̀ hàn mí. "Láràárọ̀ ló ń wá a, Ìyá. Ẹ̀rù ọjọ́ tó máa rí i ló ń bà mí."

Mo bi í pé orúkọ ta lọmọ náà fi ń pè é.

Ó sunkún díẹ̀. "Ti ìyá mi tó ti kú."

Mo ní, "Máa dá a lóhùn."