Sípíkà Ládánì

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nígbà ọyẹ́, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Bàbá ìyá mi, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tí mo sì ń pè ní bàbá mi, jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ìjòkú, ní Ṣàgámù, ó gbé sípíkà kan lé itan, irú àwọn ẹlẹ́nu gbàgà tí wọ́n máa ń gbé kọ́ òkè mọ́ṣáláṣí. Ó ti fi aṣọ tútù bo ẹnu sípíkà náà. Ó fi èèpo àgbọn sínú agolo, ó dáná sí i, ó ń darí èéfín náà sí ọ̀fun sípíkà. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti jó irin méjì pọ̀, tín-ín-rín bí òwú.

"Wò ó, ìyá mi," ni ó wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń pè mí. "Ibi tí èéfín ń gbà yọ, ibẹ̀ ni ohùn ń gbà yọ."

N kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Mo ti kàwé díẹ̀ nípa ohùn láti ìgbà náà, n kò sì rò pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òórùn èèpo àgbọn yẹn, tó dàpọ̀ mọ́ òórùn obì gbàǹja tí wọ́n ń bó ní òdìkejì ọ̀nà, kò tíì kúrò nímú mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ládánì, bàbá arúgbó tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Ohùn rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀, sípíkà náà sì ti gbó, ó ń ké gàrà-gàrà bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí ti sọ fún un pé bí ìpè rẹ̀ kò bá dé ìsọ̀ àwọn olóbì kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn tí ọ̀fun rẹ̀ ṣì le ni yóò máa pe ìrun. Ó ti fi oko sílẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti wà l'Ékòó. Ìpè yẹn ló kù tó ń jí i.

Ojoojúmọ́ ló ń yà wò wá.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé aláìsàn tí o gbé sórí itan kò tíì gbádùn ni?"

"Ọ̀fun rẹ ló ń ṣàìsàn. Ǹ bá tú òun náà wò, ìyàwó rẹ ni mò ń bẹ̀rù."

Nígbà tí bàbá mi ti fi ìda oyin dí ojú ibi tó ń jò, ó gbé sípíkà náà kọ́ ojú fèrèsé òkè ilé wa. Ó bẹ àwọn ìyá olóbì pé kí wọ́n kígbe bí wọ́n bá gbọ́. Ládánì dúró lójú fèrèsé, ó gbé máìkì sẹ́nu, ó kí wọn kú ọjà.

"A gbọ́ o, Bàbá! Ó ń dún bí agogo!"

Ládánì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Bàbá mi ní ìdáhùn yẹn ti yá jù. Ó yọ wáyà kúrò lẹ́yìn sípíkà, ó nà án sókè kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rí i.

"Tún wọn kí."

Ládánì rọra sọ̀rọ̀ sí máìkì. Sípíkà kò mí.

"A gbọ́ o! Èyí tiẹ̀ tún dára ju ti àkọ́kọ́ lọ!"

Ládánì jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Wọ́n fẹ́ràn mi ni," ni ó wí. "Kí Ọlọ́run bùkún wọn."

"Àmín. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò lè pe ìrun."

Bàbá mi tú sípíkà náà palẹ̀. Ó fi ìda rírọ̀ lẹ èérún irin kúrò lára òòfà tó ń fa irin nínú rẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́ tó ń gbọ̀n láti mú ohùn jáde ti sán. Ó yọ òmíràn lára sípíkà kan tó ti kú. Ó gé róbà inú táyà sáàárín irin àti irin kí wọ́n má baà máa gbá ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ó ń fi èékánná kan ẹnu sípíkà náà, tí ó ń dẹ etí, tí ó tún ń kàn án.

Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e padà sókè mọ́ṣáláṣí, bàbá mi kò sọ fún àwọn ìyá olóbì. Ó mú mi lọ́wọ́, a lọ jókòó láàárín wọn bí ẹni tó wá kí wọn. Wọ́n ń bá ara wọn jà lórí obì tí kòkòrò ti jẹ. Lójijì, ohùn ládánì dé. Ohùn àgbàlagbà ni, kò le, ó ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò kígbe.

"Ṣé àlàásárì ti tó ni?" ni ìyá kan wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọwọ́ bàbá mi fún mọ́ ọwọ́ mi.

Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí mi kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ládánì pe ìrun títí ó fi kú. Àwọn mìíràn ní wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an. Bàbá mi ti lọ, n kò rí ẹni tí mo lè bi. Títí di òní, bí wọ́n bá yìn mí kí n tó sọ̀rọ̀ tán, wáyà tó nà sókè yẹn ni mo máa ń rí. Síbẹ̀, ariwo àwọn ìyá náà ń wù mí gbọ́. N kò mọ ẹni tó tún kù tó lè parọ́ báyẹn nítorí mi.

Ohun tí mo fi ojú ara mi rí kò ju èyí lọ: ìyá tó béèrè àlàásárì yẹn gbé obì ọwọ́ rẹ̀ sórí ewé, ó fa búùtà àlùwàlá rẹ̀ mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí ọwọ́.