Ọjọ́ Tí Onílé Mi Mú Mi Lọ Wo Fíìmù Onílé

Òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń pàdé èèyàn nínú ilé yẹn, kí onílé fúnra rẹ̀ tó yọjú. Ó kó káńfọ̀ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, sínú kọ́bọ́ọ̀dù, sẹ́yìn àga, bíi pé gbogbo kòkòrò Lọ́ńdọ̀nù ti gbìmọ̀ pọ̀ láti wá jẹ aṣọ tirẹ̀ nìkan. Ilé náà wà ní Peckham Rye, lára àwọn ilé tó fara ti ara wọn gbọọrọ, tí fèrèsé wọn kọjú sí pápá tí àwọn èèyàn ti ń mú ajá rìn. Yàrá òkè ni mo gbà. Ìwọ náà tó o ti gba yàrá nílùú yìí rí mọ bó ṣe ń rí: bí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí Yorùbá bíi tiẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un, tó ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi," ara á tù ú débi pé kò ní béèrè ohun tó yẹ kó béèrè. Má bínú pé mi ò fi "wọ́n" pè é bí mo ṣe ń ròyìn yìí. Àgbà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n "ó" ló tọ́ sí i.

Opó ni, kò sì bímọ. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ pe òun ní Aunty, Mummy ni kí n máa pe òun. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, bí mo bá sì ti ibi iṣẹ́ dé, màá bá ìrẹsì àti ẹja díndín lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, tó ti fi àwo dé e. Mo dúpẹ́, mo jẹ ẹ́. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá aṣọ mi ní fífọ̀, títí kan àwọn ti abẹ́, tó ti lọ̀ wọ́n, tó ká wọn sórí bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo ti ilẹ̀kùn kí n tó jáde. Nígbà tí mo béèrè bó ṣe wọlé, ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tí kò mọ nǹkan kan, ó ní, "Ṣé ìyá máa ń tọrọ àyè kó tó wọ yàrá ọmọ ẹ̀ ni?" Lọ́jọ́ kan mi ò rí bàtà pupa mi mọ́, ó ti sọ ọ́ sínú dọ́sìbìnì, ó ní bàtà àwọn tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni. Lọ́fíńdà mi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn lára rẹ̀. Láàárọ̀, á dúró sẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, á yẹ̀ mí wò láti òkè dé ilẹ̀ bíi tíṣà tó ń wo èékánná ọmọléèwé, bí síkẹ́ẹ̀tì mi kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò ní kúrò lọ́nà.

Ó yẹ kí ẹ̀rù ti máa bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀gàn rẹ̀ ló kún inú mi. Obìnrin tó ti lo ọdún rẹpẹtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò ní ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo, tó jẹ́ pé ìró ẹsẹ̀ mi lókè ló ń gbọ́ bí ẹni ń gbọ́ rédíò. Mo máa ń sín in jẹ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ mi, a ó sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà náà, èmi àti ọkùnrin kan tó ń gbé ní Birmingham ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Lójijì, lọ́jọ́ Sátidé kan, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi: "Ọlọ́run á bá ẹ tún ilé ẹ ṣe." Kò tún sọ nǹkan mìíràn. Láti ìgbà yẹn, fóònù rẹ̀ kò gba ìpè mi mọ́. Mo pè é títí ó fi sú mi. Mo sunkún, Mummy sì jókòó tì mí, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó ń sọ pé bí àwọn ọkùnrin ṣe rí nìyẹn. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe é.

Ẹni tó ń bá a dirun ló sọ fún un nípa fíìmù náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, ó ní ká lọ wò ó ní sinimá. "Fíìmù onílé kan ni. Wọ́n ní ó ń dẹ́rù bani gan-an." Ìborùn aláwọ̀ búlúù mi ló fi sọ́rùn nígbà tá a ń jáde lọ, kò sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Fíìmù náà kò já mọ́ nǹkan kan lójú mi. Obìnrin òyìnbó kan gba ọmọbìnrin kan sílé, ọkàn rẹ̀ wá lẹ̀ mọ́ ọmọ náà bí àtè. Ó ń yọjú wò ó láti ojú ihò ara ògiri, ó ń gbọ́ òórùn ìrọ̀rí rẹ̀, ó ń po nǹkan mọ́ tíì rẹ̀. Bó bá ti fẹ́ ṣe ibi báyìí, orin á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, bíi pé ìkà máa ń gbé orin tiẹ̀ dání kiri. Mummy ń jẹ gúgúrú, ó ń pòṣé. "Ẹ wo obìnrin burúkú. Irú èyí ò yẹ kó gba èèyàn sílé rárá." Mo yíjú wò ó, mo ń wá ẹ̀rín lójú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń bínú sí obìnrin náà tọkàntọkàn, tòun ti ìborùn mi lọ́rùn rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rẹ́kùnrin ọmọ náà ti wá kanlẹ̀kùn ni gbogbo rẹ̀ ti tú. Onílé inú fíìmù sọ fún ọmọkùnrin náà pé ọmọbìnrin yẹn ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Mummy mirí, ó fẹnu sún mọ́ etí mi.

"Kò gbọ́n," ó ní. "Ó máa wá a lọ síbẹ̀ ni. Ó yẹ kó sọ fún un pé ọmọ náà ti lọ́kọ. Ọkùnrin tó bá gbọ́ ìyẹn ò ní wẹ̀yìn mọ́."

Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú fíìmù mọ́. Ìwúre tí wọ́n ń ṣe fún abilékọ ni ọkùnrin mi fi ránṣẹ́ sí mi.

"Mummy, ṣé ẹnì kan wá béèrè mi nílé?"

Kò yíjú. "Wo fíìmù, jàre."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo gbà ẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Ọkùnrin tí ò lè wò mí lójú. Wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tó bá yá." Ó wá na gúgúrú sí mi.

Mo dìde, mo fẹsẹ̀ rìn délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù mi. Mi ò tíì parí tó fi dé. Mo gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn ìta, mo gbọ́ tó wọ ilé ìdáná, lẹ́yìn náà ló wá jókòó sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo yọjú, kẹ́tùlù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdérí rẹ̀ ṣí, ó ń rú èéfín, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí etí kẹ́tùlù náà.

"Kò sẹ́ni tó ń jáde níbí," ó ní, jẹ́jẹ́. "Ta ló mọ̀ ẹ́ nílùú yìí yàtọ̀ sí mi?"

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí. Mo padà sínú yàrá, mo fi bẹ́ẹ̀dì dí ilẹ̀kùn, mo pe ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, tó ń gbé ní Nunhead. Ó ní, "Má sọ̀ kalẹ̀ o. Mò ń bọ̀, mo sì ń pe ọlọ́pàá." Kí wọ́n tó dé, kẹ́tùlù ti padà sí ilé ìdáná. Mummy ṣílẹ̀kùn fún wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ń fi òyìnbó tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí ṣàlàyé pé iṣẹ́ àṣekúdórógbó ló ń da ọmọ òun láàmú. Àwọn ọlọ́pàá dúró títí mo fi kó ẹrù mi jáde, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Bí mo ṣe ń kọjá, ó sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé, "Bá mi tọ́jú ẹ̀. Kì í jẹ ata púpọ̀."

Fóònù ọ̀rẹ́ mi ni mo fi pe ọkùnrin Birmingham. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó ní òun ti ń bá ìdílé mìíràn sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àgbà ló sọ ọ́. Mi ò rò pé àgbà lè purọ́ irú ẹ̀." Ẹ̀gàn tí mo ní fún un lọ́jọ́ yẹn ju ti obìnrin náà lọ. Obìnrin yẹn tiẹ̀ gbé kẹ́tùlù nítorí mi. Ọkùnrin náà kò lè bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó tó wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, mo pàdé Mummy níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta iṣu ní Rye Lane. Ọmọbìnrin kan gbé báàgì tẹ̀ lé e. Ó dì mọ́ mi níṣojú gbogbo èèyàn, ó sọ fún ọmọ náà pé, "Ọmọ mi rèé, tó gbé lọ́dọ̀ mi ṣáájú ẹ." Mo rọra yọ ara mi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọjú sí ọmọ náà, mo sì sọ ohun tó ṣe fún mi láìdẹ ohùn: ọkùnrin tó lé lẹ́nu ọ̀nà, àti omi gbígbóná orí àtẹ̀gùn. Mummy rẹ́rìn-ín. "Ó fẹ́ràn àwàdà."

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó gbé báàgì náà sílẹ̀. Yorùbá àwọn tí wọ́n bí síbí ló fi bi mí pé, "Aunty, ṣé wọ́n máa ń wọ room yín náà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fún un ní nọ́ńbà mi lójú obìnrin náà. Gbogbo ìgbà tí mo fi gbé nínú ilé yẹn, mo rò pé bí mo bá ti ń gàn án nínú ọkàn mi, tí mo ń sín in jẹ lẹ́yìn rẹ̀, apá rẹ̀ kò lè ká mi. Ó ká mi, ó sì ráyè gba ẹlòmíràn sílé lẹ́yìn mi. Ẹ̀gàn téèyàn bá gbé mì kì í dá ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kọ́. Ó yẹ kí n ti pọ̀ ọ́ jáde tipẹ́, lójú ẹni tó ni ín, níbi tí ẹlòmíràn ti lè gbọ́.