Bọ́ọ̀sì Tó Wà Nínú Láptọ́ọ̀pù

Àlàó Erin, ọmọ ìyá mi. Àlàó dúdú bí kóró iṣin, a-tú-rédíò-palẹ̀-kó-tó-jẹun. Ọmọ Erin tó ga débi pé kò sí àtẹ́rígbà tí kò tíì forí gbá. Ọkọ aya kan tó ti lọ ṣáájú rẹ̀, bàbá ọmọ ọlọ́mọ, àgbà Harburg tí àwọn Jámánì ń kí ní "Moin", tó ń dá wọn lóhùn pé "Ẹ káàárọ̀ o," ìbáà jẹ́ ìrọ̀lẹ́. Àlàó, sùn un re.

Orúkọ tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ gùn ju èyí lọ, mo sì mọ̀ ọ́n. Orúkọ gbogbo ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn níbí ni mo mọ̀, mi ò gbàgbé ti ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù ṣì wà láàyè, ẹ jẹ́ kí n fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Àlàó ni wọ́n rán lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, òun ló sì kọ́kọ́ dé Jámánì nínú àwa méjèèjì. Ilé iṣẹ́ kan ní Harburg, ní Hamburg, ló ti ń tún ẹ̀rọ ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì. Èmi ti di ìyá àgbà kí n tó dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin mi ní Märkisches Viertel ní Berlin, níbi tí ilé ga tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn ń wo ẹ̀yìn ẹyẹ láti ojú fèrèsé.

Kí àrùn tó ti gbogbo ayé mọ́lé tó dé ni mò ń sọ yìí. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Àlàó á pè mí lórí fóònù. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá kí mi. Nígbà tó yá, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Lẹ́yìn náà, ó ní atẹ́gùn ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní ọkọ̀ ojú irin kì í tètè dé mọ́, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ìyẹn ò tó ìdí. Tí mo bá ní kí n wá, á ní òun ò tíì gbálẹ̀. Ó wá pẹ́ tí mi ò ti fojú kàn án. Mo kàn fẹ́ rí ojú rẹ̀ ni, mi ò wá nǹkan mìíràn.

Ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n ra láptọ́ọ̀pù fún yín. Ẹ óò máa rí Bàbá Harburg gbàgàdà, bí ẹni tó wà ní pálọ̀."

Inú mi dùn. Mo sọ fún Àlàó lọ́jọ́ náà gan-an.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ má kàn ra ohun tí ẹ bá ṣáà rí o. Ẹ wo bọ́ọ̀sì rẹ̀ dáadáa."

"Bọ́ọ̀sì wo?" Mo rò pé bọ́ọ̀sì tí wọ́n máa fi gbé e wá ni.

"Bọ́ọ̀sì inú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá mẹ́mọ́rì rẹ̀ dọ́gba. Tí ọ̀kan bá ń sáré tí èkejì ń wọ́ ẹsẹ̀, àwòrán mi á dúró gbagidi, ẹ óò wá máa wo ẹnu tó là sílẹ̀."

"Ẹnu rẹ kì í dé tẹ́lẹ̀."

"Ẹ gbọ́ mi ná. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà dà bí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì. Mẹ́mọ́rì ni tábìlì tó ń to iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí. Bọ́ọ̀sì ló ń kó ẹrù lọ, tó ń kó o bọ̀ láàárín wọn."

"Dẹ́rẹ́bà ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n!"

"Mo kàn ń béèrè ni. Bọ́ọ̀sì ò lè dá ara rẹ̀ wà."

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin wà níbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Yorùbá yé e, ṣùgbọ́n Jámánì ló fi ń dáni lóhùn. Ó ní, "Oma, im Computer gibt's keinen Bus." Ìyá àgbà, kò sí bọ́ọ̀sì nínú kọ̀ǹpútà, ohun tó ń sọ nìyẹn. Mo ní kó lọ bá Bàbá Harburg jà.

Ọmọ mi rí láptọ́ọ̀pù kan. Ó ka nọ́ńbà rẹ̀ fún mi, èmi náà kà á fún Àlàó lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka nọ́ńbà fóònù. 2133 ni eré tí ọpọlọ rẹ̀ lè bá mẹ́mọ́rì sá, ṣùgbọ́n mẹ́mọ́rì tó wà nínú rẹ̀, 2400 ni. Àlàó pòṣé. "Wọn ò bára mu. Ẹ dá a padà."

Ọmọ mi tún rí òmíràn. Ti èyí dọ́gba, 2400 àti 2400. Mo ti ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Àlàó béèrè pé, "Mẹ́mọ́rì rẹ̀, ṣé méjì ni àbí ẹyọ kan?"

"Ẹyọ kan."

"Háà. Ìbejì ló yẹ kó jẹ́. Ẹyọ kan ò ní lè gbé e dáadáa."

A wá èyí tí tirẹ̀ jẹ́ ìbejì, tí bọ́ọ̀sì àti mẹ́mọ́rì dọ́gba géérégé. Àlàó ronú títí. Ó wá ní, "Àwọ̀ wo ni?"

"Dúdú."

"Dúdú máa ń gbóná, Ẹ̀gbọ́n."

Ọmọ mi gbọ́wọ́ lérí. "Màmá, ṣé kì í ṣe pé Bàbá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí?"

Mo ní kó má bú àgbà. Mo ti gbọ́ pé ọmọ Yorùbá kan ń ta láptọ́ọ̀pù àlòkù nínú ilé rẹ̀ ní Marzahn, ní Berlin kan náà, mo wọ S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, mo wọ tíráàmù, mo lọ bá a. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ kí mi láàárín àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀.

"Ẹ káàsán mà. Irú wo lẹ fẹ́?"

"Èyí tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ bá mẹ́mọ́rì mu."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ta ló kọ́ yín lọ́rọ̀ bọ́ọ̀sì? Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ló ń pè é bẹ́ẹ̀."

"Àbúrò mi ni. Ó ní tí wọn ò bá dọ́gba, àwòrán òun á dúró."

"Kò rí bẹ́ẹ̀ mà. Tí mẹ́mọ́rì bá yára ju ohun tí ọpọlọ lè gbà, ó máa rọra dín eré rẹ̀ kù ni, wọ́n á jọ máa lọ. Nǹkan kan ò ní bàjẹ́. Àwọn tó ń ṣe géèmù, tó ń ṣe fíìmù, àwọn ló lè máa wo ìyẹn. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe kò ju kí ẹ máa rí ojú ara yín?"

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Èyí tó burú jù nínú yàrá yìí máa ṣe é."

"Ó ti kọ mẹ́ta báyìí. Ó ní èyí tó gbẹ̀yìn dúdú."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó fa àga fún mi. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o. Ṣé ara àbúrò yín yá?"

Mi ò ra láptọ́ọ̀pù lọ́jọ́ yẹn. Inú tíráàmù ni mo wà nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ atẹ́gùn àti ọ̀rọ̀ ilé tí kò gbá bẹ̀rẹ̀ sí í tò jọ síwájú mi. Ní ọjọ́ kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì ńlá tó ń ti Berlin lọ sí Hamburg, mo sì wọ S-Bahn kọjá odò Elbe dé Harburg. Mi ò pè é tẹ́lẹ̀. Tí mo bá pè é, á tún ní òun ò tíì gbálẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó dúró síwájú mi, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́, kì í ṣe òun ló wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ọrùn rẹ̀ ti rí tín-ín-rín. Ó di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ̀gbọ́n. Báwo lẹ ṣe débí?"

"Bọ́ọ̀sì ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpótí tí wọ́n ń kó bàtà sí. "Ṣé ó bá mẹ́mọ́rì yín mu?"

"Mo ṣáà rántí ilé rẹ."

Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ó nu ojú. Ó ní, "Mi ò fẹ́ kí ẹ rí mi báyìí."

"Ìwọ tí mo pọ̀n, tí o tọ̀ sí mi lẹ́yìn títí? Dìde, kí n lọ wo ohun tó wà nínú ìkòkò rẹ."

Kò sí nǹkan kan nínú ìkòkò. Mo dúró tì í láti ọjọ́ náà lọ. A jà nítorí ata, a jà nítorí fèrèsé tó ń ṣí. Dókítà ti bá a sọ ọ̀rọ̀ àìsàn tó ń mú un rù tipẹ́, ṣùgbọ́n Àlàó ò fẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu fóònù, kò sì fẹ́ kí n rí i lójú òun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó mu ẹ̀kọ díẹ̀ lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, láptọ́ọ̀pù dúdú yẹn, ìyẹn ló dáa jù nínú wọn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀ bá ti rà á."

"Kí n máa fi wo ta? Ìwọ nìyí."

Orí àga yẹn náà ló sùn sí tí kò jí.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sin Àlàó sí Harburg. Ọmọ mi àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló gbé e. Nílé wa, ẹ̀gbọ́n kì í dé ibi tí wọ́n ti ń sin àbúrò rẹ̀, nítorí náà mi ò lọ. Mo jókòó sí yàrá rẹ̀ títí wọ́n fi dé.