Ẹ̀sùn Eré Àsápajúdé Tí Wọ́n Fi Kàn Mí Lọ́jọ́ Tí Mo Gbé Ìyá Mi Relé

Kóòtù tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ojú pópó nígbà náà, ní ọ̀nà Dùgbẹ̀, ìgbẹ́ àdán ló máa ń rùn. Inú àjà ni àwọn àdán náà ń gbé, òórùn wọn sì máa ń dàpọ̀ mọ́ ti kẹrosíìnì tí wọ́n fi nu ilẹ̀ láàárọ̀ àti ti aṣọ kákí tí òjò pa mọ́ ọlọ́pàá lára. Ìwọ náà mọ bí òjò àárín ọdún ti ń rí n'Ìbàdàn, kì í rọ̀ tán, kì í sì í dá. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn onítakisí tí wọ́n ń ráhùn, ṣùgbọ́n èmi ò ráhùn ní tèmi. Bí ẹnì kan bá fi abẹ́rẹ́ gún mi lọ́jọ́ náà, bóyá ni mo máa mọ̀. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú ni gbogbo ara mi ti kú tipiri. Mo wa ọkọ̀ gbé wọn relé, a sin wọ́n, mo padà sẹ́nu iṣẹ́, omi kan ò bọ́ lójú mi. Àwọn ẹbí ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọkàn mi le. Èmi náà sì ti ń gbà wọ́n gbọ́.

Dírẹ́bà ni mí ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Sẹkitéríàtì, àsìkò náà sì jẹ́ ìgbà tí wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró bí ẹni ń gbọn igi máńgòrò. Ọ̀gá àwa dírẹ́bà ti là á fún mi: "Tí kóòtù bá fi lè dá ẹ lẹ́bi eré sísá, wọ́n á gba láísẹ́ńsì ẹ. Dírẹ́bà tí ò ní láísẹ́ńsì, kí ló tún fẹ́ ṣe níbí? Ilé lò ń lọ yẹn." Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ, ọkọ̀ wíwà sì ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ láyé.

Ilé mi ní Challenge ni ìyá mi dákẹ́ sí, lẹ́yìn ìrun Àsùbáhì. Àwọn obìnrin àdúgbò wẹ̀ wọ́n, wọ́n fi aṣọ funfun wé wọn, onílé mi sì yá mi ní Pijó funfun rẹ̀ kí n fi gbé wọn lọ sí Ìsẹ́yìn, ìlú wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, bàbá arúgbó tí wọ́n ti wá wo aláìsàn láti ọjọ́ mélòó kan, ni wọ́n jókòó tì wọ́n lẹ́yìn ọkọ̀. Bí a ti dé Òjòó ni àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró. Wọ́n ní àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó wà ní Ring Road ló fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ pé Pijó funfun kan sá eré àsápajúdé kọjá, pé kí wọ́n mú un. Pijó funfun mélòó ló wà n'Ìbàdàn! Ọlọ́pàá kan yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó rí ohun tí a gbé, ó ṣí fìlà, síbẹ̀ ó kọ ìwé ẹ̀sùn fún mi. N kò bá a jiyàn. Mo buwọ́ lù ú, mo ní ẹ ṣé. Àbí o ò rí nǹkan? Wọ́n fún èèyàn ní ìwé ẹ̀sùn, ó ní ẹ ṣé!

Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, májísíréètì, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, bi mí bóyá mo jẹ̀bi. Mo ní n kò jẹ̀bi. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ni mo gbójú lé: òkú ni mo gbé. Ta ló ń gbé òkú sáré? Jẹ́jẹ́ ni àwa awakọ̀ ń gbé òkú, ọkọ̀ tó bá wà lẹ́yìn á sì mú sùúrù. Mo rò pé ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Àṣé ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ṣe ara mi. Ọlọ́pàá tó ń rojọ́ tako mi rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, "Mùsùlùmí ni ẹ́, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Àbí irọ́ ni mo pa?"

Mo ní òótọ́ ni.

"O sì fẹ́ dé Ìsẹ́yìn kí wọ́n tó pe Alásárì. Kí ni ò wá ní jẹ́ kí o sáré?"

Mo kàn ń wo ọwọ́ mi méjèèjì lórí igi níwájú mi, ó dà bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Mo rí i pé iṣẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́ mi, kò sì dùn mí. Àìdùn yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ó wá kan ẹ̀gbọ́n ìyá mi, àwọn ni ẹlẹ́rìí mi. Wọ́n fi Àlùkùránì búra tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí ilé ẹjọ́: ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ó ti ń sú ògbufọ̀ tó ń yí ọ̀rọ̀ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì.

Májísíréètì ní, "Bàbá, a dúpẹ́. Ṣé ọmọ yìí sáré àbí kò sáré?"

"Ó sáré kẹ̀? Ká ní ó sáré ni, ṣé màá máa bínú sí i láti ọjọ́ yẹn? Mo ní yára, yára, àwọn èèyàn ń dúró! Bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. Oníbúrẹ́dì orí kẹ̀kẹ́ kan kọjá lára wa ní gẹ̀rẹ́ Mọ́kọ́lá, ó tún ráyè kí wa! Wọ́n ti gbẹ́ sàréè sílẹ̀ kí Àílà tó pè. Alásárì kọjá. Màgáríbì ló kù díẹ̀ kó bá wa kí a tó sin àbúrò mi. Ẹ bi gbogbo Ìsẹ́yìn wò!"

Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá náà ò gbà, ó ní, "Bàbá, kí ló wá dé tí kò fi yára?"

Wọ́n ní, "Ìyá rẹ̀ mà ni. Tí a bá dé, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fẹ́ ká dé ni."

Ògbufọ̀ ò tètè sọ ọ́. Nígbà tó wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, nǹkan kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí láyà, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn ti jókòó lé tí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sí. Májísíréètì kọ̀wé fún ìgbà díẹ̀, ó ní ẹjọ́ ti túká, kí n máa lọ sílé, ó sì kí mi pẹ̀lẹ́.

Lórí fàráńdà kóòtù, mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ má bínú pé mo jẹ́ kí ìyá mi pẹ́ nílẹ̀."

"Inú ṣì ń bí mi," ni wọ́n wí, wọ́n kọjú sí òjò. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní, "Ẹnu lásán ni mo fi ń ní kí o yára. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi láti Challenge. Ta ló fẹ́ kí wọ́n wá gbé e kúrò níbẹ̀?"

Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbọ̀n mí. Mo sun ún, mo sun ún, títí àwọn onítakisí fi rò pé wọ́n ti gba láísẹ́ńsì mi, tí wọ́n ń ní kí n ṣe ọkàn gírí, ọkùnrin ni mí. N kò já wọn ní koro. Ṣé màá sọ fún wọn pé mo jàre ni? Mo fi láísẹ́ńsì náà wa ọkọ̀ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé èèyàn òun kú tí òun ò lè sunkún, n kì í dá a lẹ́jọ́. Ó di ìgbà tí àgbàlagbà kan fẹjọ́ mi sùn níwájú adájọ́ kí n tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ti ń ṣọ̀fọ̀ ìyá mi láti Challenge dé Ìsẹ́yìn, ojú mi nìkan ni kò tíì gbọ́.